Ẹ̀RỌ TÍ Ń PE NỌ́ŃBÀ FÚNRA RẸ̀



A ti kọ́ bí a ṣe ń kọ òǹkà láti 0 dé 9, a sì ti kọ́ bí a ṣe ń kà wọ́n papọ̀. Lónìí, a ó lo ìmọ̀ náà. A ó kọ́ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá pe nọ́ńbà lórí tẹlifóònù. Lẹ́yìn náà, a ó kọ́ nípa ẹ̀rọ tí ń pe nọ́ńbà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ẹ lè béèrè pé: kí ni àgbẹ̀ tàbí ìyá elépo fẹ́ fi irú ẹ̀kọ́ yìí ṣe? Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Owó ni. Banigbé wà ní Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ifangni, nítòsí ààlà Nàìjíríà. Bí a bá dé Igolo, Ìdí-Ìrokò ló kàn. Oníbàárà wa wà ní ìhà ìhín, wọ́n sì wà ní ìhà ọ̀hún. Ẹni tí kò bá mọ nọ́ńbà í pè dáadáa yóò pàdánù oníbàárà. Ẹni tí kò bá sì mọ ohun tí ń mú kí àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ṣí ọ̀nà, yóò máa san owó ohun tí kò rà.

1. ÀWỌN TÍ Ń SO OKÙN

Ní ayé àtijọ́, bí ẹnì kan bá gbé tẹlifóònù, kì í tẹ nọ́ńbà kankan. Òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni yóò dá a lóhùn. Òṣìṣẹ́ náà á béèrè pé, "Ta ni ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀?" Bí ó bá ti gbọ́ orúkọ, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ so okùn ẹni tí ń pè mọ́ okùn ẹni tí a ń pè.

Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Almon Strowger. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa bá àwọn ènìyàn ṣètò ìsìnkú. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ó fura pé àwọn tí ń so okùn ń darí àwọn oníbàárà òun sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn tí ń ṣe irú iṣẹ́ náà. Ó bá ronú ẹ̀rọ tí yóò máa so okùn fúnra rẹ̀, kí ènìyàn má baà dá sí i mọ́. Ní ọdún 1891 ni ó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ náà. Ní ọdún 1892 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún ará ìlú, ní La Porte, ní ìpínlẹ̀ Indiana.

Ẹ̀rọ kò ní ọ̀rẹ́, kò sì ní ọ̀tá. Kì í gba owó ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kò ní làákàyè pẹ̀lú. Bí a bá sọ fún òṣìṣẹ́ pé, "So mí mọ́ dókítà," ó mọ ẹni tí à ń wí. Ẹ̀rọ kò mọ dókítà. Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Bí òǹkà kan ṣoṣo bá ṣì, yóò gbé wa lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí a kò mọ̀ rí, tàbí kí ó má gbé wa dé ibì kankan.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé, bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ kò gbọ́ òwe yìí. Bí a bá rán an ní iṣẹ́ ẹrú, bí ẹrú gan-an ni yóò ṣe jẹ́ ẹ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá a níwájú.

2. NỌ́ŃBÀ DÀ BÍ ÀDÍRẸ́SÌ

Nọ́ńbà tẹlifóònù ní apá-apá, bí àdírẹ́sì ara lẹ́tà. Òǹkà kọ̀ọ̀kan tó wà nínú nọ́ńbà ni a ó máa pè ní ẹyọ nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Apá kìn-ín-ní ni nọ́ńbà orílẹ̀-èdè. Ti Bẹ̀nẹ̀ ni 229. Ti Nàìjíríà ni 234. Ti Tógò ni 228. Ti Niger ni 227. Ẹ wò ó dáadáa: 2 ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n pín nọ́ńbà fún ayé, 2 ni wọ́n fún wa.

Apá kejì ni nọ́ńbà ẹni tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀, ẹyọ 8 ni ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó di ẹyọ 10. ARCEP, àjọ ìjọba tí ń ṣe àbójútó tẹlifóònù àti ìfìwéránṣẹ́, ni ó ṣe ètò yìí. Wọ́n fi 01 síwájú nọ́ńbà àtijọ́. Kò sí ohun mìíràn tó yí padà nínú rẹ̀.

Èéṣe tí a fi fẹ́ ẹyọ púpọ̀ sí i? Ìṣirò ni. Ẹyọ 2 lè bí nọ́ńbà 100, láti 00 dé 99. Ẹyọ 3 lè bí 1,000. Ẹyọ 8 kò lè bí ju mílíọ̀nù 100 lọ, a kò sì lè pín gbogbo rẹ̀ tán, torí pé a gbọ́dọ̀ ya apá kan sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn kan lè ní síìmù méjì. Ẹ̀rọ náà ń lo síìmù. Ẹyọ 10 fi ààyè sílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú.

Nísinsìnyí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ààlà ti ń ṣìnà.

Ní Nàìjíríà, nọ́ńbà alágbèéká jẹ́ ẹyọ 11, 0 ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀. 0 yẹn dà bí kọ́kọ́rọ́ inú ilé. Inú Nàìjíríà nìkan ni a ti ń lò ó. Ẹni tó bá ń pè láti Bẹ̀nẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò, kí ó fi 234 rọ́pò rẹ̀.

Ní Bẹ̀nẹ̀, 0 tó wà nínú 01 kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Ara nọ́ńbà gan-an ni. A kì í yọ ọ́, ì báà jẹ́ inú ilé ni a ti ń pè, ì báà jẹ́ òkè òkun.

Ẹ ka àwọn ìlà wọ̀nyí sókè:

Láti Bẹ̀nẹ̀ sí Bẹ̀nẹ̀: 01, lẹ́yìn náà ẹyọ 8.
Láti Nàìjíríà sí Bẹ̀nẹ̀: + 229 01, lẹ́yìn náà ẹyọ 8.
Láti Bẹ̀nẹ̀ sí Nàìjíríà: + 234, lẹ́yìn náà ẹyọ 10 tó kù nígbà tí a bá ti yọ 0.

Àmì + túmọ̀ sí "mò ń jáde kúrò nílé." Ẹni tí kò bá rí àmì yìí lórí tẹlifóònù rẹ̀ lè tẹ 00 ní Bẹ̀nẹ̀, tàbí 009 ní Nàìjíríà.

Ọ̀nà kan wà tí a lè fi yẹ ara wa wò. Ẹ ka iye ẹyọ tó wà lẹ́yìn àmì +. Ti Bẹ̀nẹ̀: 3 àti 10, ó di 13. Ti alágbèéká Nàìjíríà: 3 àti 10, ó di 13. Bí ó bá jẹ́ 11 ni ẹ kà fún nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀, ẹ ti gbàgbé 01. Bí ó bá jẹ́ 14 ni ẹ kà fún nọ́ńbà Nàìjíríà, ẹ kò tíì yọ 0. Kò sí ìdí láti bínú sí tẹlifóònù.

3. ÀPÓTÍ TÍ Ń PÈ FÚN GBOGBO ILÉ

Ní ọdún 1995, tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè tí ń sọ Faransé pàdé ní Kútọnu, ni íńtánẹ́ẹ̀tì dé Bẹ̀nẹ̀. Ní àwọn ọdún yẹn, okùn tẹlifóònù lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà wọ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ kan tí a ń pè ní modẹ́ẹ̀mù ni yóò pe nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, bí ìgbà tí ènìyàn ń pe ènìyàn. Ẹ̀rọ tó wà lọ́hùn-ún á gbé e. Àwọn méjèèjì á hàn gooro létí ara wọn, wọn á gbọ́ ara wọn yé, ọ̀nà á sì ṣí. Èyí tó yára jù nínú wọn gan-an á lò ju ìṣẹ́jú 2 lọ kí ó tó gbé mégà 1 wọlé. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò sí ẹni tó lè fi okùn kan náà pe ẹlòmíràn. Ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni a sì ń san owó ìpè.

Bí kọ̀ǹpútà bá pọ̀ nínú ọ́fíìsì kan, kò bójú mu kí olúkúlùkù wọn máa pe nọ́ńbà tirẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe lo àpótí kan tí ń dúró ní ẹnu-ọ̀nà fún gbogbo wọn. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pe àpótí náà ní ráútà. Òun ni ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, tí ń fi í ránṣẹ́, tí ń gba èsì, tí ń fún ẹni tó ni ín.

Nínú ráútà yìí ni ohun tí a fẹ́ kọ́ wà. Wọ́n ń pè é ní dialer, èyíinì ni apẹnọ́ńbà. Kì í ṣe ihò, kì í ṣe okùn. Bí ẹ bá tú àpótí náà, ẹ kò ní rí i. Ìwé àṣẹ ni, tí a kọ sínú ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ ìlú wa ṣàlàyé rẹ̀. Ká sọ pé àwọn obìnrin kan dá ẹgbẹ́ gàrí sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kò ní ọ̀kadà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìwé kékeré kan, tí ohun márùn-ún wà nínú rẹ̀:

Èkíní, ibi tí ẹrù ń lọ.
Èkejì, orúkọ tí a ó dá ní ẹnu-ọ̀nà, àti ọ̀rọ̀ àṣírí tí a ó sọ.
Ẹ̀kẹta, ibùdó zemidjan tí a ti lè mú ọlọ́kadà.
Ẹ̀kẹrin, irú ẹrù tó tó ohun tí a lè tìtorí rẹ̀ gba ọ̀kadà.
Ìkarùn-ún, iye àkókò tí ọlọ́kadà yóò dúró kí á tó ní kí ó máa lọ.

Nígbà tí ẹrù bá dé, wọn á ṣí ìwé, wọn á mú ọlọ́kadà yòówù tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ní ibùdó. Bí ó bá jẹ́ ọlọ́kadà mìíràn ni wọ́n rí lọ́la, ìwé kan náà ni wọn ó lò.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni dialer ṣe rí. Dialer ni ìwé. Okùn tàbí ihò tó wà lára àpótí ni ọlọ́kadà. Bí okùn kan bá bàjẹ́, dialer lè mú òmíràn nínú ibùdó, kí a má sì yí nǹkan kan padà nínú ìwé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi yà á sọ́tọ̀ kúrò lára okùn.

Ẹ ó béèrè pé, bí àpótí bá sọ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ ní ẹnu-ọ̀nà, ǹjẹ́ olè kò lè gbọ́ ọ lójú ọ̀nà? Wọ́n ti ro ìyẹn. Ọ̀nà kan wà tó dà bí àlọ́. Ẹ̀rọ tó wà lọ́hùn-ún á kọ́kọ́ pa àlọ́ tuntun. Àpótí á fi ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ ṣírò ìdáhùn, ìdáhùn nìkan ni yóò sì fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ àṣírí fúnra rẹ̀ kò ní jáde nílé. Lọ́la, àlọ́ mìíràn ni, nítorí náà ìdáhùn àná kò wúlò fún olè.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé kò lo okùn tẹlifóònù mọ́. Síbẹ̀, ìwé náà kò kúrò nílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àpótí tí ń lo síìmù, ibì kan wà nínú ètò rẹ̀ tí a kọ *99# sí. Nọ́ńbà ìpè ni yẹn. Òun ni àpótí ń pè láti sọ fún ilé-iṣẹ́ pé, "Ẹ ṣílẹ̀kùn dátà fún mi."

4. TA NI Ó YẸ KÍ Á TÌTORÍ RẸ̀ ṢÍLẸ̀KÙN?

Ohun kẹrin àti ìkarùn-ún inú ìwé yẹn ni owó wà.

Ẹni tó ń ṣètò àpótí gbọ́dọ̀ sọ fún un irú iṣẹ́ tó yẹ kí ó tìtorí rẹ̀ pe nọ́ńbà. Lẹ́tà tí ènìyàn kọ, ìyẹn yẹ. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà a máa sọ ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ènìyàn kò rán an. Á béèrè pé aago mélòó ni ó lù. Á kí ẹ̀rọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Á wò ó bóyá ohun tuntun ti dé. Bí a kò bá sọ fún àpótí pé àwọn yìí kò tó ohun tí a ń gba ọ̀kadà sí, gbogbo wọn ni yóò máa tìtorí rẹ̀ pe nọ́ńbà.

Lẹ́yìn èyí ni àkókò ìdúró. Nínú ráútà tí ilé-iṣẹ́ Cisco ń ṣe, bí a kò bá yí i padà, ìṣẹ́jú àáyá 120 ni dialer yóò fi dúró lẹ́yìn iṣẹ́ tó yẹ, kí ó tó ti ọ̀nà. Ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú 2. Bí iṣẹ́ mìíràn tó yẹ bá dé kí ìṣẹ́jú 2 tó pé, yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka 120 láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ká ní ọ̀rọ̀ kékeré kan ń kan ilẹ̀kùn ní ìṣẹ́jú àáyá 100 sí 100, àpótí sì kà á sí iṣẹ́ tó yẹ. 100 kéré sí 120. Nítorí náà, kò ní pé 120 láéláé. Ọ̀nà kò ní tì. Wákàtí 24 ní ìṣẹ́jú 1,440. Ẹni tí ń san owó ìpè ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú yóò san ti ìṣẹ́jú 1,440 lójúmọ́, nígbà tí gbogbo ilé ń sùn. Ẹ̀rọ kò ṣẹ̀. Iṣẹ́ tí a rán an ló jẹ́.

5. OWÓ ÌṢẸ́JÚ ÀTI OWÓ MÉGÀ

Lónìí, mégà ni ọ̀pọ̀ wa ń rà, kì í ṣe ìṣẹ́jú. Bí ọ̀nà bá ṣí lásán, tí ohun kankan kò gbà á kọjá, kò ná wa ní ohun tó tó nǹkan. Ohun tó bá gbà á kọjá ni à ń san owó rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan náà ni: ta ló ń kan ilẹ̀kùn?

Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ mọ iyì mégà. Ní oṣù keje ọdún 2018, ìjọba ṣe òfin pé kí a máa san fránkì 5 lórí mégà kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá lò lórí WhatsApp, Facebook àti irú wọn. Mégà 100 á di fránkì 500, yàtọ̀ sí owó tí a fi ra mégà fúnra rẹ̀. Ariwo sọ, pàápàá láàárín àwọn ọ̀dọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ìjọba fagi lé e. Owó orí yẹn ti lọ. Ṣùgbọ́n owó orí kan wà tí ìjọba kò bù lé wa, tí àwa fúnra wa ń san nípa àìmọ̀. Ẹ lè dín in kù báyìí:

Ẹ wọ inú ètò WhatsApp, kí ẹ sọ fún un pé kó má máa gbé àwòrán àti fídíò wọlé fúnra rẹ̀. Èyí tí ẹ bá fẹ́ wò, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.
Ẹ sọ fún tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà pé kí wọ́n má ṣe tún ara wọn ṣe láìgba àṣẹ.
Ẹ yí ọ̀rọ̀ àṣírí tó bá àpótí wá láti ilé-iṣẹ́ padà, kí ẹni tí ń kọjá lọ má baà máa mu nínú omi yín.
Bí ẹgbẹ́ bá ni àpótí, kí ẹnì kan máa wò ó lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀ iye mégà tó lọ, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́.

6. Ẹ̀RỌ KÌ Í GBỌ́ RÉDÍÒ

Nígbà tí nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ di ẹyọ 10, a gbọ́ lórí rédíò, a sì gbọ́ lọ́jà. Ẹni tí kò gbọ́ rí ọmọ tó bá a tún un ṣe. Ẹ̀rọ kì í gbọ́ rédíò. Ẹ̀rọ aṣọ́dẹ tí a so mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tí ń pe oní-ṣọ́ọ̀bù bí olè bá dé, nọ́ńbà tí a kọ sínú rẹ̀ ni yóò máa pè. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ 8 ni a kọ sí i, tí a kò sì tún un ṣe, yóò pe ẹyọ 8 ní òru tí olè bá dé. Ìpè náà kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ wá gbogbo ibi tí nọ́ńbà yín wà: inú ẹ̀rọ, ara pátákó ìta, ìwé oníbàárà, ìwé ọmọ nílé-ìwé, ìwé ìwòsàn. Ẹ ka ẹyọ rẹ̀. Ẹ sì rán àwọn oníbàárà tó wà ní Nàìjíríà létí pé kí wọ́n má yọ 0 inú 01.

Ọ̀RỌ̀ TUNTUN

Ẹyọ: òǹkà kan ṣoṣo nínú nọ́ńbà.
Ráútà: àpótí tí ń darí ọ̀rọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà ilé àti ìta.
Dialer: ìwé àṣẹ inú ráútà, tó mọ ẹni tí a ó pè, ìdí tí a ó fi pè é, àti ìgbà tí a ó ti ọ̀nà.
Mégà: òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ohun tó gba íńtánẹ́ẹ̀tì kọjá.

ÌBÉÈRÈ

1. Èéṣe tí a fi ń yọ 0 ti Nàìjíríà, tí a kì í sì í yọ 0 ti Bẹ̀nẹ̀?
2. Ìyá kan ní Ìdí-Ìrokò tẹ + 229, ó sì tẹ ẹyọ 8. Ẹyọ mélòó ni gbogbo rẹ̀? Kí ni ó gbàgbé?
3. Dialer ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 120. Ohun kan ń kan ilẹ̀kùn ní ìṣẹ́jú àáyá 90 sí 90. Ǹjẹ́ ọ̀nà yóò tì? Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 3 sí 3 ńkọ́?
4. Bí owó orí mégà 1 bá jẹ́ fránkì 5, èló ni ti mégà 60?
5. Nínú ìwé ẹgbẹ́ gàrí, èwo nínú ohun márùn-ún ni ẹ rò pé àṣìṣe inú rẹ̀ lè ná ẹgbẹ́ lówó jù? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.

IṢẸ́ ÀMÚRELÉ

Ẹ wá ibi mẹ́ta tí a ṣì kọ nọ́ńbà ẹyọ 8 sí nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ fi 01 síwájú rẹ̀. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i sínú ìwé yín, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì.